Èkó sí Salvador: Ohun Tó Ń Sọ Ọ̀nà Kúkúrú Di Ìrìn Gígùn

Ọ̀rọ̀ ojú òfuurufú ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Láti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Láti Ìkẹjà kan náà dé pápákọ̀ Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, jẹ́ nǹkan bí 5,090 kìlómítà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Recife, ìlú ńlá mìíràn ní etí òkun Bràsíl, tilẹ̀ súnmọ́ wa ju Lọ́ńdọ̀nù lọ: nǹkan bí 4,550 kìlómítà ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ bàálù ní Ìkẹjà lóru yóò jẹun àárọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ẹni tó ń lọ sí Salvador ti ń lo odindi ọjọ́ kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́nu ìrìn rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Kí ló fà á tí ọ̀nà méjì tí gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní àkókò? Ìdáhùn tí mo fẹ́ gbèjà rẹ̀ lónìí ni pé ìpinnu ọmọ ènìyàn ló dá ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀. Òkun kò dá a, ẹ̀rọ kò sì dá a. Nítorí náà, ìpinnu ọmọ ènìyàn lè yí i padà.

Bí a ṣe ń wọn ọ̀nà òfuurufú

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń rí àwọn iye wọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo kàn ń sọ ọ́ bí ó ṣe wù mí. Ayé rí roboto. Bí a bá fa okùn tín-ínrín láti ìlú kan sí òmíràn lórí bọ́ọ̀lù tí a ya àwòrán ayé sí, tí a sì fà á le, ipa okùn náà ni ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ìlú méjèèjì. Àwọn awakọ̀ òkun àti awakọ̀ òfuurufú máa ń fi ìwọ̀n máìlì òkun ka ọ̀nà, èyí tí í ṣe 1,852 mítà. Ọgọ́ta irú máìlì bẹ́ẹ̀ ló wà nínú dígírì kan lórí ilẹ̀ ayé, ìyẹn nǹkan bí 111 kìlómítà. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ dígírì 45. Láti Èkó dé Salvador kò pé dígírì 46. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́wọ́ lè ṣe é fúnra rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé máàpù tí a fi lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì ló ń tàn wá jẹ. Òótọ́ ni pé máàpù irú èyí tí Mercator gbé jáde ní ọdún 1569 máa ń na àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí agbedeméjì ayé kọjá bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àṣìṣe máàpù yẹn ì bá mú kí Lọ́ńdọ̀nù jọ ibi tó jìnnà sí wa, kì í ṣe Salvador. Nítorí náà máàpù kọ́ ló gbé èrò yìí sí wa lọ́kàn. Ìlò ló gbé e sí wa lọ́kàn: ibi tí bàálù ń lọ lójoojúmọ́ ni a ń kà sí ìtòsí, ibi tí bàálù kò lọ sì ń dà bí òpin ayé lójú wa.

Láti kìlómítà dé wákàtí

Bàálù ńlá tó ń gbé èrò kọjá òkun máa ń sáré tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó bá ti gòkè tán. Ó ń fi àkókò díẹ̀ gòkè, ó ń fi díẹ̀ sọ̀kalẹ̀, a sì lè fi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un nítorí ìyẹn. Bí a bá pín 5,000 kìlómítà Lọ́ńdọ̀nù báyìí, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni yóò já sí, iye yẹn náà sì ni bàálù Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ń lò ní tòótọ́. Ìṣirò kan náà fún Salvador kò ju wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú lọ. São Paulo, ìlú tó tóbi jù ní Bràsíl, jẹ́ nǹkan bí 6,350 kìlómítà sí Èkó, bàálù á sì dé ibẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ẹlòmíràn lè béèrè pé ẹ̀fúùfù ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti New York, tí í ṣe nǹkan bí 5,540 kìlómítà, bàálù tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn máa ń lo bí wákàtí mẹ́jọ, èyí tó ń padà bọ̀ kì í sábà lò tó méje, nítorí ẹ̀fúùfù líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn lókè lọ́hùn-ún ní apá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó sí Salvador gba ẹ̀bá agbedeméjì ayé kọjá, níbi tí irú ẹ̀fúùfù líle bẹ́ẹ̀ kò ti jọba. Ohun tí ìṣirò sọ níbẹ̀ ni bàálù yóò ṣe, yálà ní àlọ tàbí ní àbọ̀.

Ohun kan wà tó máa ń da ìṣirò yìí rú lójú èrò, ìyẹn ni aago. Wákàtí mẹ́rin ni aago Èkó fi ṣáájú aago São Paulo àti Salvador. Bí bàálù bá gbéra ní Ìkẹjà ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tó sì fò fún wákàtí mẹ́jọ, aago méjì ọ̀sán ni yóò bá ní São Paulo, èrò á sì rò pé wákàtí mẹ́rin péré lòun fi rìn. Ní àbọ̀, bó bá gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́hùn-ún, aago mẹ́wàá alẹ́ ni yóò balẹ̀ sí Èkó, á sì dà bíi pé wákàtí méjìlá ló lò. Ọ̀nà kò gùn sí i, kò sì kúrú sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ìrìn wé ìrìn gbọ́dọ̀ ka wákàtí tí bàálù lò lókè, kí ó má ka èyí tí aago ara ògiri ń fi hàn.

Ọ̀nà tí èrò ń gbà gan-an

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí èrò tí kò rí bàálù tààrà wọ̀. Bí ó bá gba Lọ́ńdọ̀nù lọ sí São Paulo, 5,000 kìlómítà ni yóò kọ́kọ́ rìn sí àríwá, kí ó tó tún rìn bí 9,470 kìlómítà padà sí gúúsù. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 14,400 kìlómítà, fún ibi tí kò ju 6,350 lọ. Bí ó bá gba Addis Ababa, yóò kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí Bràsíl, yóò rìn bí 3,900 kìlómítà sí ìlà oòrùn, lẹ́yìn náà ni yóò tún rìn bí 9,900 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó ń lọ sí Salvador gba Lisbon ńkọ́? Bí a bá tilẹ̀ ní kí ó rí bàálù tó lọ sí Lisbon tààrà, nǹkan bí 10,300 kìlómítà ni yóò rìn, ìlọ́po méjì ọ̀nà tó yẹ kó rìn. Kí a wá fi wákàtí ìdúró láàárín bàálù méjì kún un. Kí a fi físà kún un pẹ̀lú, nítorí ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ wọn, kódà bí wọn kò bá ní í jáde kúrò nínú pápákọ̀. Gbogbo kìlógíráàmù epo tí bàálù bá jó ló ń tú ju kìlógíráàmù mẹ́ta afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sójú ọ̀run, èyí túmọ̀ sí pé ọ̀nà tó yípo ń ná ayé lóhun tó pọ̀ ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ta ló ni ojú ọ̀run?

Ìdí tí ọ̀ràn fi rí báyìí wà nínú òfin àti nínú ìtàn. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Chicago ní ọdún 1944 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni ojú ọ̀run tó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀. Bàálù kò lè gbé èrò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn déédéé àfi bí ìjọba méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Ọ̀nà òfuurufú jẹ́ ohun tí a fi tádàwà fà kí ẹ̀rọ tó tọ̀ ọ́. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n ti ojú ọ̀run ilẹ̀ wọn pa fún nǹkan bí oṣù kan. Àwọn bàálù tó ń ti Yúróòpù bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa ní láti yípo, ìrìn gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù kò kúrò ní àyè wọn. Láti ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti pa ojú ọ̀run rẹ̀ mọ́ àwọn bàálù Yúróòpù, ìrìn Helsinki sí Tokyo tí í máa ń gba bíi wákàtí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ti di bíi mẹ́tàlá. Bí òfin bá lè fi wákàtí mẹ́ta kún ìrìn, òfin náà lè yọ wákàtí mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀.

Ìtàn ni ìkejì. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń jọba lé wa lórí, olú ìlú wọn ni wọ́n fa ọ̀nà wa sí: Lọ́ńdọ̀nù fún Nàìjíríà, Paris fún Benin àti Togo. Òmìnira dé, ọ̀nà kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òkun tó wà láàárín wa àti Bahia jẹ́ ojú ọ̀nà tí àwọn baba wa mọ̀ dáadáa. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ kọjá nínú ìdè. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Malê, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó wà nínú ẹrú, ní Salvador ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti gba òmìnira padà sí Èkó, Àgùẹ́ àti Ouidah, àwọn la mọ̀ sí Àgùdà, ilé tí wọ́n kọ́ sì wà ní Erékùṣù Èkó títí di òní. Ní ọdún 1875, bàbá Martiniano Eliseu do Bonfim mú un láti Bahia wá sí Èkó kó wá kàwé; ó padà sílé, ó di babaláwo àti ọ̀mọ̀wé tí gbogbo Salvador ń bọ̀wọ̀ fún. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ṣe é, láìní bàálù kankan. Nígbà tí bàálù dé, òkun yìí wà lára àwọn tí wọ́n tètè fò kọjá: ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, Jean Mermoz ará Faransé gbé lẹ́tà láti Saint-Louis ní Senegal dé Natal ní Bràsíl ní bíi wákàtí mọ́kànlélógún. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ilé-iṣẹ́ Varig ti Bràsíl ń fò wá sí Èkó. Ọ̀nà yìí ti wà rí. A kàn jẹ́ kí koríko hù sójú rẹ̀ ni.

Àwọn àtakò

Àtakò àkọ́kọ́, tó sì lágbára jù, ni pé kò sí èrò. Àwọn tó ń ṣòwò bàálù á sọ pé èrò Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ nítorí àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀, àti pé àwọn tó ń lọ sí Bràsíl kò lè kún bàálù kan. Mi ò ní í jiyàn pé èrò méjèèjì dọ́gba. Wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n àtakò yìí ń fi àbájáde ṣe ìdí. Bí ọ̀nà bá gba ọjọ́ kan, tó ń béèrè físà ilẹ̀ kẹta, tó sì wọ́n, èrò yóò kéré. Kí a má wá fi kíkéré èrò náà ṣe ẹ̀rí pé kò yẹ kí a la ọ̀nà. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe èrò ìlú méjì nìkan ni í kún bàálù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ilé-iṣẹ́ bàálù Ethiopian kò fi èrò Addis Ababa nìkan gbèrú. Ó ń kó èrò láti gbogbo Áfíríkà jọ, ó sì ń pín wọn káàkiri ayé. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ti fi Lomé ṣe ibi ìsinmi lójú ọ̀nà Amẹ́ríkà, Lomé tí kò ju nǹkan bí 230 kìlómítà sí Ìkẹjà lọ. Bí Lomé bá lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà òkun, Èkó tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì kò ní àwíjàre. Ẹni tó ń ti Cotonou, Accra tàbí Douala bọ̀ lè gba Èkó lọ sí Bràsíl. Ẹni tó ń lọ sí Argentina tàbí Chile lè gba São Paulo kọjá.

Àtakò kejì ni pé a ti dán an wò, kò yọrí. Varig kò sí mọ́, Nigeria Airways náà ti kógbá sílé láti ọdún 2003. Ohun tó pa ilé-iṣẹ́ méjèèjì ju ọ̀nà kan lọ: gbèsè àti àìbójútó iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé Lọ́ńdọ̀nù ti jìnnà jù nítorí Nigeria Airways tó ń fò lọ síbẹ̀ ti kú. Èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù kò rí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ní Nàìjíríà kó jáde, Emirates ti Dubai dá ìrìn rẹ̀ síbí dúró ní ọdún 2022, kò sì padà títí di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ẹ wo bí èyí ṣe gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀: Dubai kò sún sẹ́yìn ní ọdún 2022, kò sì sún mọ́ wa ní 2024. Ẹ̀rí rere náà wà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Air Peace ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó sí pápákọ̀ Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta ọdún 2024, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù já wálẹ̀. Bàálù kan tó bá kún ọ̀nà ń ran kódà ẹni tí kò wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àtakò kẹta jẹ́ ti ẹ̀rù òkun. Agbami yìí fẹ̀, ìjì agbedeméjì ayé sì ń bẹ lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbàgbé bàálù Air France tó ń ti Rio de Janeiro lọ sí Paris tó já sínú òkun yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2009, tí ẹ̀mí 228 ṣòfò. Ìwádìí fi hàn pé yìnyín ló dí àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn eré bàálù, àti pé ohun tí àwọn awakọ̀ ṣe lẹ́yìn náà kò tọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pààrọ̀ irú ẹ̀rọ yẹn, tí wọ́n sì tún ẹ̀kọ́ awakọ̀ ṣe. Láti ọdún 1985 ni àwọn aláṣẹ ti ń gba bàálù onẹ́ńjìnnì méjì láyè láti jìnnà tó wákàtí méjì sí pápákọ̀ tó lè balẹ̀ sí, wọ́n sì ti fi kún un lẹ́yìn náà. Erékùṣù Ascension kò jìnnà sí agbedeméjì ọ̀nà Èkó sí Salvador. Bàálù Singapore sí New York ń fò ju 15,000 kìlómítà lọ láìdúró, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tí à ń wí. Pápákọ̀ Salvador ń gba bàálù láti Lisbon, tó jìnnà sí i ju Èkó lọ, bẹ́ẹ̀ ni bàálù ń ti Ìkẹjà lọ sí Atlanta, tó lé ní 9,000 kìlómítà. Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ méjèèjì tó.

Àtakò tó gbẹ̀yìn ni pé olówó nìkan ni irú ọ̀nà yìí ń ṣe láǹfààní. Ẹrù ń wọ abẹ́ bàálù tí èrò jókòó sí. Àwọn bàálù Embraer tí Air Peace ń lò láti ìlú kan sí òmíràn ní Nàìjíríà, Bràsíl ni wọ́n ti ṣe wọ́n. Ẹ̀yà ara wọn àti ẹlẹ́rọ tó ń tọ́jú wọn nílò ọ̀nà tó yá. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí Bràsíl jẹ́ ọ̀gá nínú ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tó jọ tiwa. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀sìn Candomblé ní Bahia, tí wọ́n ń fi Yorùbá kí òrìṣà láàárọ̀, nílò rẹ̀ láti dé Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Kétu. Ẹni tó lówó lè gba Yúróòpù lọ nígbàkigbà. Ẹni tí kò ní ni ọ̀nà tó yípo ń dí lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Nàìjíríà àti Bràsíl fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìrìn bàálù láàárín wọn. Ohun àmúyangàn ni, ṣùgbọ́n ìwé kò lè gbé èrò. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí a máa béèrè títí a ó fi rí i. Èkíní ni ìṣedéédéé: ó sàn kí bàálù méjì máa fò lọ́sẹ̀ fún ọdún márùn-ún ju kí méje bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù kí wọ́n sì dákẹ́ lóṣù kẹfà, torí oníṣòwò kò lè fi ọ̀nà tí kò dúró ṣètò. Èkejì ni kí ìjọba rí i pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ń ráyè jáde, kí a sì jẹ́ kí bàálù Cotonou, Lomé àti Accra bá ti Bràsíl pàdé ní Ìkẹjà láìsí ìdúró òru. Ẹ̀kẹta ni físà: bí ilẹ̀ méjèèjì bá la ojú ọ̀run tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, asán ni. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ fi okùn wọn Èkó sí Salvador lójú àwọn ọmọ ní kíláàsì, kí wọ́n fúnra wọn rí iye rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú péré ló yẹ kí ọ̀nà náà gbà kò ní í gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìbéèrè ìdí rẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ yẹn ni yóò sì mú kí àwọn tó ń fọwọ́ sí àdéhùn ṣe ojúṣe wọn.